Ẹ Jẹ́ Kí Sáfà Kú Lójú Wa

Dókítà ni gbogbo ilé ìtẹ̀wé ń pe Bàbá Ìbejì, bẹ́ẹ̀ kò fún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́ rí. Sáfà ló ń tọ́jú, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù gbára lé. Bó bá ti dákú, á sáré dé, á pa á, á tún un tàn, ariwo á sọ: "Dókítà!" Ká má parọ́, oyè náà ń dùn mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ìsinmi ti dé tán. Òun àti Ìyá Ìbejì, ìyàwó rẹ̀ tó ń bójú tó wáyà níbẹ̀, kò tíì jọ sinmi rí látìgbà tí wọ́n ti bímọ. Ọ̀gá sì ti là á mọ́lẹ̀: bí wọn ò bá mọ ohun tó ń pa sáfà, wọn ò lọ síbì kankan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, sáfà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín. Bàbá Ìbejì nawọ́ sí bọ́tìnnì, ìyàwó rẹ̀ sì gbá ọwọ́ náà.

"Ẹ fi sílẹ̀! Ẹ jẹ́ kó kú lójú wa."

"Ṣé o ò fẹ́ ìsinmi mọ́ ni?"

"Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tún un tàn lẹ̀ ń fọ ẹ̀rí dànù. Ẹ fi ètè sílẹ̀, ẹ̀ ń pa làpálàpá!"

Ó dùn ún díẹ̀, àmọ́ ó jókòó. Wọ́n tẹjú mọ́ nọ́ńbà tó ń fi hàn bí mẹ́mọ́rì, ìyẹn àyè ìrántí sáfà, tí kẹ́nẹ́ẹ̀lì, ètò tó ń darí gbogbo ètò tó kù, ti gbà ṣe pọ̀ tó. Kò pẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ń ti ibi oúnjẹ dé, nọ́ńbà náà sì fò sókè. Tọkọtaya wo ara wọn, wọ́n dìde lọ sẹ́nu ọ̀nà, níbi ẹ̀rọ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń fi ìka tẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Gbogbo ìka tó bá kàn án ló ń ṣí ọ̀nà tuntun sínú sáfà, ẹ̀rọ náà kì í sì í ti èyí tó ti ṣí tẹ́lẹ̀. Kẹ́nẹ́ẹ̀lì ń fi mẹ́mọ́rì díẹ̀ pamọ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí mẹ́mọ́rì á fi tán.

"Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà," ni Bàbá Ìbejì wí.

Ó ti gbogbo ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́, ó sì pàṣẹ fún sáfà pé kó máa tì wọ́n fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà ń lọ sílẹ̀, ara sáfà yá, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan bọ́tìnnì. Ọ̀gá fọwọ́ sí ìsinmi wọn.

Níbi ìsinmi, létí omi, Bàbá Ìbejì ò yéé yọ fóònù wò.

"Ta lẹ̀ ń retí?"

"Kò sẹ́ni tó pè mí. Wọn ò ní pè mí ní Dókítà mọ́ báyìí."

Ìyá Ìbejì gba fóònù, ó sọ ọ́ sínú báàgì rẹ̀.

"Èmi á máa pè yín. Dókítà mi, ẹ sún mọ́ mi."

Inú Bàbá Ìbejì dùn, ó sì sún mọ́ ọn.