Ìdọ̀bálẹ̀ ní Ẹgbẹ̀rún Yáàdì

Fọláránmi fúnra rẹ̀ ló kọ́ ara rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yìnbọn ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀rọ tó ń bá aláìsàn mí ló ń tún ṣe ní ilé ìwòsàn kan ní Dallas, ohunkóhun tó bá sì ní irin nínú, ó di dandan kó mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ohun tó yà á lẹ́nu jù nípa ìbọn ni pé ọta kì í lọ tààrà. Kó tó rin ẹgbẹ̀rún yáàdì, ilẹ̀ á ti fà á wálẹ̀ tó gíga èèyàn mẹ́rin tó gun ara wọn léjìká. Afẹ́fẹ́ tí kò lè mi ewé, á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Síbẹ̀ èèyàn lè ṣírò rẹ̀, kó sì bá ohun tó ń wò! Bí ẹni ń ròyìn iṣẹ́ ìyanu ló ṣe máa ń sọ ọ́ fún Adétóun ìyàwó rẹ̀, Adétóun á ní, "Ọkọ mi, ọbẹ̀ ń tutù."

Ìdíje ńlá kan ń bọ̀, kò sì sí ohun tó wù ú tó kó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò díje rí kì í ṣàdédé wọlé. Ẹnìkan tó ti wà nínú ẹgbẹ́ ayìnbọn náà gbọ́dọ̀ mú un wá, ìbọn rẹ̀ gbọ́dọ̀ yege àyẹ̀wò, kó sì lu pátákó irin tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so rọ̀ ní ẹgbẹ̀rún yáàdì, lójú adarí pápá ìyìnbọn. Ọta mẹ́ta péré ni wọ́n fún un. Bàbá Adéníjì ló mú un wá, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Lancaster nítòsí Dallas.

Ní àárọ̀ Sátidé yẹn, Sharon, adarí pápá, fa ìbọn náà ṣí, ó yọjú wo inú rẹ̀, ó sì ki àsíá kékeré bọ ihò ọta kí gbogbo ayé lè rí i pé ó ṣófo. Ó ti fi ẹ̀rọ wọn bí ọta rẹ̀ ṣe ń sáré tó, torí ọta tó bá yá jù máa ń ba pátákó jẹ́. Gbogbo rẹ̀ pé.

"Ó ku òfin kan," Sharon ní. "Pátákó nìkan ni ẹnu ìbọn rẹ gbọ́dọ̀ máa wò, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀."

Fọláránmi dojú bolẹ̀ sẹ́yìn ìbọn, ó yọ àsíá. Bó ṣe ń na ọwọ́ sí ọta ló gbọ́ ohùn lẹ́yìn rẹ̀.

"Fọláránmi, o kú iṣẹ́ o!"

Bàbá Adéníjì ti dé. Nílé tí wọ́n ti tọ́ Fọláránmi, ta ló ń kẹ̀yìn sí àgbà dá a lóhùn? Kó tó mọ̀, ó ti fìgúnpá gbéra, ó ti yíjú. "Ẹ káàárọ̀ sà!" Ọwọ́ rẹ̀ kan ṣì wà lára ìbọn. Ẹnu ìbọn bá a yí, ó ń wo ibi tí wọ́n páàkì mọ́tò sí.

"Dúró!" Sharon ti di ìbọn mú.

"Ẹ má bínú, àgbà mi ni mò ń kí."

"Bó bá ṣe Jésù ló dé, kí ẹnu ìbọn máa wo pátákó! Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò sí ọta nínú rẹ̀. Tó bá tún ṣẹlẹ̀, máa lọ sílé."

Fọláránmi tún dojú bolẹ̀ sẹ́yìn ìbọn. Bàbá Adéníjì bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àyà ẹ ń bẹ nílẹ̀, ikùn ẹ ń bẹ nílẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ wo ló tún kù? Mo ti gbà á. Má kí mi mọ́."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Fọláránmi, ara rẹ̀ sì balẹ̀.

Ó yin ọta kìíní. Eruku sọ lápá ọ̀tún pátákó. Ó wo ooru ilẹ̀ nínú awò ìbọn: ó ń ṣàn bí omi odò, afẹ́fẹ́ ń tì í sọ́wọ́ ọ̀tún ju bó ṣe rò lọ. Ó tún ìṣirò ṣe, ó yí awò díẹ̀. Ó mí síta, ó yìn ín.

Ó rí i! Kì í ṣe ọta fúnra rẹ̀, bí kò ṣe ojú ọ̀nà tó là nínú afẹ́fẹ́, bí ipa ẹja lábẹ́ omi. Ó gòkè, ó tẹ̀, ó wálẹ̀. Pátákó mì. Gbogbo pápá dákẹ́ rọ́rọ́, àfi bí ìgbà tí ayé gbàgbé láti sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ìró rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn dé, tín-ín-rín, bí agogo ìlú òkèèrè. Gbogbo irun ara rẹ̀ dìde.

"Ọmọ mi!" Bàbá Adéníjì kígbe. "Dìde kí n gbá ẹ mọ́ra!"

Fọláránmi kò mira. Ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ń jó o bíi pé ó ti bú bàbá náà. Ó ṣí ìbọn, ó yọ èèpo ọta tó ti yìn, ó ki àsíá bọ̀ ọ́, ó ká ọwọ́ kúrò, ó ń dúró de àṣẹ Sharon.

"Ó tó. Dìde," Sharon wí.

Ìgbà náà ló dìde, ó rìn lọ síwájú Bàbá Adéníjì, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku.

"Ṣebí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde nílẹ̀ ni?" Sharon bi bàbá.

"Ti àkọ́kọ́, ìbọn ló ni ín," Bàbá Adéníjì dáhùn. "Tèmi nìyí."

Fọláránmi gbójú sókè sí Sharon. "Ṣé ẹ rí bí pátákó ṣe mì?"

"Etí mi ló gbọ́ pátákó. Ọwọ́ rẹ lojú mi ń wò nígbà tí bàbá yìí pè ọ́." Ó na ọwọ́ sí i, ó fà á dìde. "Ó di ọjọ́ ìdíje."

Fọláránmi dúpẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti padà sí ìsàlẹ̀ pápá lọ́hùn-ún, níbi tí irin kékeré náà ṣì ń fì lórí ẹ̀wọ̀n rẹ̀.