Ọwọ́ Igi àti Ọwọ́ Hermine

Ọwọ́ igi kan wà níbi iṣẹ́ wa. Igi píà ni. Ọ̀gá tó dá ibẹ̀ sílẹ̀ ló gbẹ́ ẹ ní àwòrán ọwọ́ òsì ara rẹ̀, láti ìgbọ́nwọ́ dé orí ìka. Ọwọ́ tó nípọn ni. Darandaran ni ọkùnrin náà kó tó di oníṣẹ́ aago; ó fún wàrà màlúù fún ogún ọdún.

Òfin kan ló fi sílẹ̀. Aago kankan kò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé a so ó mọ́ ọwọ́ igi yẹn wò. Tó bá bá a mu, ó jáde. Tí kò bá bá a mu, ó padà sórí tábìlì mi. Èmi ni mo ń ṣe ara aago: ilé irin tí ẹ̀rọ ń gbé inú rẹ̀, àti ìwo mẹ́rin tó di okùn awọ mú. Ogójì ọdún ni mo fi ṣe é.

Àṣà kan tún wà. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá fẹ̀yìntì, ibi iṣẹ́ á fún un ní aago. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n á dá aago ara ògiri dúró. A ó so aago tuntun mọ́ ẹni náà lọ́wọ́, á rìn láàárín tábìlì wa láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé, a ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà á wo ọwọ́ ara rẹ̀, á sọ iye tí aago lù. Tó bá ní ó ti di mẹ́rin, a ó dìde. Ẹnikẹ́ni kì í dìde kó tó sọ ọ́. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn, òun ló ni àkókò.

Ìyẹn ni Hermine ní òun ò ní ṣe.

Iṣẹ́ Hermine ni láti tún okùn irin tó ń mú aago mí ṣe. Okùn náà tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ. Aago tó bá ti kọjá lọ́wọ́ Hermine kì í fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ṣìnà láti òwúrọ̀ dé òwúrọ̀ kejì. Ọdún méjìdínlógójì ló fi ṣe iṣẹ́ yìí, kò sì so aago mọ́ ọwọ́.

Èmi ni mo fà á. Oṣù kejì tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó mú aago kan lórí tábìlì mi, ó fi sọ́wọ́ láti wò ó. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni nígbà náà. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kò ju ti ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Mo kígbe pé, "Ẹ wá wo ẹsẹ̀ ẹyẹ tó ru aago ṣọ́ọ̀ṣì!" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó tú aago náà, ó dá a padà sí àyè rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn wọ́n ń pè é ní Ẹsẹ̀ Ẹyẹ, inú àpò ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ ló sì ń gbé aago sí, aago àpò bàbá rẹ̀, tó rí bí ìdérí ìkòkò.

Ọdún 1968 ló yẹ kó fẹ̀yìntì, Jímọ̀ tó kẹ́yìn oṣù kejì. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù náà ni ọ̀gá pè mí. Reymond lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọmọ ẹni tó gbẹ́ ọwọ́ igi.

"Aurèle, ti Hermine ti dé o. Ẹ ṣe nǹkan tó dáa fún un."

Mo lọ bá Hermine nídìí iṣẹ́ rẹ̀.

"Irú èwo lo fẹ́?"

Kò gbé ojú kúrò nínú awò rẹ̀. "Wàràkàṣì."

"Aago ni mò ń bi ọ́."

"Mo gbọ́. Ẹ so wàràkàṣì mọ́ mi lọ́wọ́, màá fi rìn dé ojú fèrèsé."

Firmin tó ń dán irin lẹ́yìn wa bú sẹ́rìn-ín. Ó kéré sí wa lọ́jọ́ orí, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. "Àǹtí, aago obìnrin pọ̀ nígboro. Kékeré báyìí, bí ẹ̀wà."

"Lójú tèmi yìí? Ojú tí mo ti fi wo okùn irin láti gbogbo ọdún yìí wá? Aago tí mi ò lè ka ìṣẹ́jú ẹ̀, ẹ̀gbà ọwọ́ ni. Mi ò tọrọ ẹ̀gbà." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ fún mi. "Aurèle, mi ò ní rìn ín. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni màá gbà lọ sílé. Bá mi sọ fún ọ̀gá."

Mi ò sọ fún ọ̀gá. Láti ìgbà tí ilé yẹn ti wà, ẹnì kan kò gba ọ̀nà ẹ̀yìn fẹ̀yìntì rí. Mo sì mọ ẹni tó ń lé e gba ibẹ̀.

Mo ṣe aago kékeré. Ojú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Márùn-ún ni mo yọ kúrò nínú èyí tí à ń ṣe fún ọkùnrin. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ bá ọwọ́ igi mu, aago tí ìwo rẹ̀ bá sì kúrú kì í jókòó dáadáa lórí ọwọ́ tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà mo fi ìwo sílẹ̀ bó ṣe gùn: mìlímítà mẹ́rìndínláàádọ́ta láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó. Mo so ó mọ́ ọwọ́ igi. Ó bá a mu. Mo rò pé ó parí.

Mo so ó mọ́ Hermine lọ́wọ́. Ìwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yọ kọjá ọwọ́ rẹ̀ níhà méjèèjì. Okùn awọ já wálẹ̀ láti orí ìwo bí omi òjò láti orí òrùlé, kò fara kan ara. Ó gbé ọwọ́ sókè, aago yí lọ sábẹ́.

Firmin ti pẹ́ńsù bọ abẹ́ okùn náà, pẹ́ńsù kọjá lọ sódì kejì. "Ilé orí òpó," ó wí. "Adìẹ lè sùn sábẹ́ ẹ̀."

"Panu mọ́," mo sọ fún un.

Hermine ń wo ọwọ́ rẹ̀. Kò bínú. Ìbá sàn kó bínú. "Ó kéré, ó sì tún tóbi. Báwo lo ṣe ṣe é?"

"Mi ò mọ̀."

"Mi ò sì rí ìṣẹ́jú ẹ̀." Ó tú u, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Mo ti sọ fún ẹ."

Ó kéré, ó sì tún tóbi. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Lọ́jọ́ Sátidé mo fi aṣọ wé ọwọ́ igi, mo gbé e lọ sílé. Mo gbé e sórí tábìlì ìdáná, mo na ọwọ́ ara mi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ń retí pé wọ́n á jọra. Wọn kò jọra. Ọwọ́ tèmi tẹ́ẹ́rẹ́ ju tirẹ̀ lọ, eegun mi sì yọ níbi tí tirẹ̀ ti dán. Mo fọwọ́ kan igi náà. Ogójì ọdún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún aago, ẹnì kan ṣoṣo ni mo ṣe gbogbo wọn fún. Ó sì ti kú kí wọ́n tó bí mi.

Mo jókòó tì í títí ọbẹ̀ mi fi tutù.

Lọ́jọ́ Ajé mo yọ́ ìda oyin lórí sítóòfù ibi iṣẹ́. Mo dúró kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo gbé e lọ bá Hermine.

"Mú ọwọ́ wá."

"Ṣé o fẹ́ fi mí ṣe àbẹ́là ni?"

"Mo fẹ́ mọ ọwọ́ ẹ."

"Lẹ́yìn ọdún méjìdínlógójì!" Ṣùgbọ́n ó ká apá aṣọ sókè.

Mo fi ìda bo ọrùn ọwọ́ rẹ̀. À ń dúró kó le.

"Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nígbà yẹn," mo wí.

"Èwo?"

"Ti ẹyẹ."

Ó ń wo ìda. "Mo ti gbàgbé."

Irọ́ ni. Àwa méjèèjì mọ̀.

"Má tíì fa ọwọ́ kúrò," mo wí.

"Ó ti le tipẹ́, Aurèle. Ṣí i."

Nígbà tí mo ṣí ìda náà, mo gbé e sábẹ́ fèrèsé, mo wo inú rẹ̀. Mo ti gbé létí adágún wa fún ọgọ́ta ọdún. Mo ti rí i nígbà tó bá di yìnyín láti etí kan dé ekejì tí kò sí ohun tó ń rìn lórí rẹ̀. Mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè fi ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà wé. Eegun kékeré níhà òde. Iṣan méjì. Òpó ẹ̀jẹ̀ kan tó gba àárín wọn kọjá. Láàárín gbogbo rẹ̀, pẹpẹ kan tó tẹ́jú, mìlímítà ogójì péré. Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ ń sọ̀ kalẹ̀ níhà méjèèjì bí òkè tó ń wọ àfonífojì. Mo ti ń pè é ní ọwọ́ kékeré. Kò sí ohun tó kù ú kù. Orí ogójì yẹn ni mo gbé mẹ́rìndínláàádọ́ta lé. Mẹ́fà tó ṣẹ́kù ló wà nínú afẹ́fẹ́.

Kì í ṣe ojú aago ló tóbi jù. Ìwo ni. Ogójì ọdún, mi ò mọ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo gé irin tuntun. Mo sọ ojú aago di mìlímítà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, kí Hermine lè rí ìṣẹ́jú. Mo fá etí tó yí ojú ká títí ó fi tẹ́ẹ́rẹ́ bí èékánná. Mo gé ìwo kúrú, mo tẹ̀ wọ́n wálẹ̀ kí wọ́n tẹ̀lé ọwọ́: mọ́kàndínlógójì láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó. Mo gbẹ́ ihò okùn sún mọ́ ara aago, kí awọ lè sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo sọ nínípọn rẹ̀ di mẹ́jọ láti mọ́kànlá. Nílé, mo wá igi píà, mo fi ìda yẹn ṣe ìwọ̀n, mo gbẹ́ ọwọ́ mìíràn.

Firmin gba aago náà láti dán an. Ó wọ̀n ọ́n. "Ẹ gbà mí o! Ẹ̀gbọ́n ní àwọn fẹ́ dín aago kù, wọ́n sọ ọ́ di ńlá."

"Ojú ẹ̀ ni ńlá. Dán an."

"Yìnyín ti wọ orí yín."

"Dán an, Firmin."

Lọ́jọ́bọ̀ mo gbé e fún ọ̀gá. Ó so ó mọ́ ọwọ́ bàbá àgbà rẹ̀. Ó jókòó sórí rẹ̀ bí fìlà ọmọdé lórí àgbàlagbà.

"Kò bá bàbá àgbà mu," ọ̀gá wí. "Ẹ mọ òfin wa."

"Bàbá àgbà kọ́ ló ń fẹ̀yìntì."

Ẹnì kan kò sọ irú rẹ̀ nínú yàrá yẹn rí. Mo gbé ọwọ́ kejì sórí tábìlì kó tó lè dáhùn. Mo so aago náà mọ́ ọn.

Ọ̀gá tẹ̀ síwájú. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi sójú. Ó mú aago àkọ́kọ́, ó so ó mọ́ ọn. Ó tú u. Ó so èkejì padà. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

"Èyí tó kéré ló tóbi," ó wí jẹ́jẹ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá."

"Ti ta nìyí?"

"Ti Hermine."

Ó gbé ọwọ́ tuntun náà sórí pákó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá àgbà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n dá aago ara ògiri dúró ní aago mẹ́ta ààbọ̀. Mo gbójú sókè. Hermine kò sí nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ti wọ kóòtù, ó ti wé ìborùn.

Mo lọ bá a.

"Mo ti wọ kóòtù," ó wí.

"Mo rí i. Mú ọwọ́ wá."

"Tí ìwo bá tún yọ síta ńkọ́?"

"Ilẹ̀kùn nìyẹn."

Ó wo ilẹ̀kùn. Ó wò mí. Ó ká apá kóòtù sókè, díẹ̀.

Mo so ó. Ihò kẹta lára okùn awọ ló gbà á. Ó gbọn ọwọ́ bí ẹni tó ń gbọn omi dànù. Aago kò yẹsẹ̀. Ó yí àtẹ́lẹwọ́ sókè, ó sọ apá kalẹ̀. Kò yẹsẹ̀. Ìwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dùbúlẹ̀ lórí ara rẹ̀, awọ sì yí ọwọ́ ká láìsí àlàfo. Èmi ni mo ṣe irin náà. Mo mọ gbogbo etí rẹ̀. Síbẹ̀ mi ò rí ibi tí ọwọ́ parí sí kí aago tó bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ náà gùn sí i. Ó dà bí ẹni pé ọjọ́ tí wọ́n bí i ni wọ́n ti so ó mọ́ ọn.

Ó gbé e sétí.

"Èmi ni mo tún eléyìí ṣe," ó wí. "Ní oṣù Ọ̀pẹ. Mo mọ ohùn ẹ̀."

"Ìwọ ni."

Ó bọ́ kóòtù. Ó fi kọ́.

Ó rìn. À ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Nígbà tó kan Firmin, ó mú ọwọ́ náà, ó wò ó, ó la ẹnu. Mo ń retí àwàdà. "Àǹtí," ó wí. Ó tẹrí ba fún un.

Hermine dé ojú fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ yìnyín wọlé láti orí adágún, ó bọ́ sórí ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé e sókè, ó ń wò ó. A jókòó, à ń dúró kó sọ iye tí aago lù. Ó yí ọwọ́ díẹ̀ sọ́tùn-ún, díẹ̀ sósì. Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wúkọ́ pàápàá. Aago ara ògiri kò ṣiṣẹ́. Àkókò kan ṣoṣo tó wà nínú ilé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó ṣe, ó gbójú sókè, bí ẹni pé ó yà á lẹ́nu pé a wà níbẹ̀.

"Aago mẹ́rin ti lù, ó ti lé ní ìṣẹ́jú mẹ́ta," ó wí. "Kí lẹ ṣì jókòó sí?"

Ẹnì kan kò tètè dìde.