Bàtà Inú Àpò Ìyẹ̀fun

"Ìsinmi kẹ̀? Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fáwọn tí wọ́n fi ẹran ṣe ẹsẹ̀ wọn. Irin ni tèmi! Bí mo bá sáré dé ìpẹ̀kun ayé lónìí, tó bá dọ̀la, màá tún sá a padà!"

Ìjì ló ń sọ bẹ́ẹ̀, tó ń gbá àyà lójú àwọn sárésáré ẹgbẹ́ rẹ̀, tí gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Télọ̀ ni Ìjì. Iṣẹ́ ìjókòó niṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ tí wọ́n bá ní kó jókòó sílé, ìjà dé nìyẹn. Baba Fèrè, àgbàlagbà tó ń kọ́ wọn ní eré ọ̀nà jíjìn, nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ fèrè lẹ́nu.

"Télọ̀, gbọ́. Eré gígùn ń fa ara ya ni. Ọjọ́ tó o bá sinmi lara ń rán ara rẹ̀ padà. Ìwọ ń fa aṣọ ya lójoojúmọ́, o ò jẹ́ kí abẹ́rẹ́ kàn án."

"Baba, aṣọ tèmi kì í ya!"

Ẹ má rò pé ó kàn ń yangàn lásán o. Ọ̀rọ̀ wà nídìí ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń fi òru yan búrẹ́dì, ló máa ń bá a sáré tẹ́lẹ̀. Ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, ẹnu ọ̀nà wọn kọjú síra. Ní Sátidé, àwọn méjèèjì á sá eré gígùn títí itọ́ á fi gbẹ lẹ́nu wọn. Tó bá di àárọ̀ Sọ́ńdè, Ìjì á jí, á nawọ́ sí bàtà eré rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bàtà ò sí! Á wo abẹ́ bẹ́ǹṣì, á wo ẹ̀yìn garawa, á ráhùn káàkiri. Ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó rí i nínú àpò ìyẹ̀fun tó ti ṣófo. Tó bá wọ̀ ọ́, ojú ẹsẹ̀ funfun láá máa tẹ̀ lé e kiri ilé.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin lẹ gbé e pamọ́!"

"Lọ jókòó, àbúrò. Ó dọ̀la."

Ibà tí gbogbo wọn pè ní kékeré ló gbé ẹ̀gbọ́n lọ. Ìdíje ńlá tí àwọn méjèèjì ti forúkọ sílẹ̀ fún ò pẹ́ mọ́. Létí sàréè, Ìjì kígbe pé, "Bọ̀ọ̀dá, màá sá tiyín, màá sá tèmi!" Kò sí nǹkan mìíràn tó kù tó lè ṣe fún un.

Sátidé tó tẹ̀ lé ìsìnkú, ó dá eré gígùn náà sá. Nígbà tí ilẹ̀ Sọ́ńdè mọ́, ó nawọ́ sẹ́nu ọ̀nà bó ṣe máa ń ṣe. Bàtà wà níbẹ̀. Méjèèjì tò gẹ́ẹ́, ìyẹ̀fun kankan ò sí lára wọn. Ìjì jókòó sórí símẹ́ńtì, ó gbá bàtà mọ́ra, ó sunkún bí ọmọ ọwọ́. Lẹ́yìn náà ló wọ̀ ọ́, ó sì sáré jáde. Kí ló fẹ́ dúró ṣe nílé? Bó bá jókòó, ẹnu ọ̀nà tó dojú kọ tirẹ̀ láá máa wò.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti sinmi mọ́. Ojúgun ń dùn ún, ó fòróró pa á. Ojúgun wú, ó ní iṣan ló ń dàgbà. Bó bá ń fẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì ní ṣọ́ọ̀bù, á máa kọrin kíkan kí oníbàárà má baà gbọ́ ìkérora rẹ̀.

Ọjọ́ tó pe ẹsẹ̀ rẹ̀ ní irin yẹn gan-an, Baba Fèrè fọn fèrè, wọ́n gbéra. Wọn ò tíì yà ní kọ́nà àkọ́kọ́ tí nǹkan fi dún kà bí igi ìdáná. Irin ti ṣẹ́.

Dókítà wo àwòrán egungun, ó mi orí. "Ojúgun ti là. Ìgbà wo lo sinmi kẹ́yìn?"

Ìjì wo ilẹ̀. "Ìgbà tí bọ̀ọ̀dá mi wà láyé."

Ó tún gbójú sókè. "Ìdíje ńkọ́, dókítà?"

"Ìdíje wo?"

Ọjọ́ ìdíje pé. Ìjì wà lórí àga ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nínú yàrá opó tí ẹ̀gbọ́n náà fi sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n fi POP dì funfun, ó le, ó rí bíi búrẹ́dì tí wọn ò tíì gbé sínú ààrò. Láti ojú fèrèsé ló ti gbọ́ ariwo àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ fún àwọn ẹlòmíì. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Baba Fèrè kó àwọn sárésáré wá kí i. Baba Fèrè ló dìde.

"Mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn léré, mi ò rí ẹni tó mọ ọgbọ́n ìsinmi bí ẹ̀gbọ́n rẹ. Ó mọ̀ pé ọjọ́ ìsinmi lagbára ń wọnú ara. Ìdí nìyẹn tó fi ń gbé bàtà rẹ pamọ́. Ọ̀gá ni! Ọ̀gá tó ju èmi lọ!"

Àwọn sárésáré mí kanlẹ̀. Ọ̀kan fun imú. Ìjì bú sẹ́kún. "Egungun mi ló ń ṣọ́! Ó ń ṣọ́ mi, mi ò mọ̀!"

Opó ò gbójú sókè. Àwọn àpò ìyẹ̀fun ọkọ rẹ̀ ló ń ká, ó gbọn ọ̀kan, ó tẹ́ ẹ lé èkejì.

"Ọkọ mi kékeré," ó ní, "ìdí ààrò ló máa ń wà mọ́jú Sọ́ńdè. Tẹ́ ẹ bá sì ti rí bàtà yẹn, ẹ máa wá kanlẹ̀kùn pé kó jáde, kẹ́ ẹ jọ lọ sáré. Oorun ló fẹ́ sùn."