Iye Tí Wọ́n Ń Ta Máṣìnì ní Kútọnu

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni Julius ní wọ́n ń ta máṣìnì tuntun, alùpùpù tí ènìyàn ń gùn, ní Kútọnu. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Àìná bi í kó tó gbà pé òun gbọ́ ọ dáadáa, nítorí ní ṣọ́ọ̀bù Ogui Road, ẹgbẹ̀rin náírà ó lé àádọ́ta ni wọ́n pe irú rẹ̀ fún un, ẹni tó ń tà á kò sì yọ kọ́bọ̀ kúrò. "Madam, na last price," ló ń wí ṣáá.

Agbẹ̀bí ni Àìná ní Enugu, opó ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì, ìyá Dáìsí. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ gbẹ̀bí àwọn obìnrin Iva Valley. Lọ́dún 1982 yẹn, ọmọ méjì ti wálẹ̀ kó tó débẹ̀, ọ̀kan nínú wọn kò sì yè. Láti ọjọ́ náà ló ti pinnu pé òun yóò kọ́ bí wọ́n ti ń gun máṣìnì, kí ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín máa rín in lọ.

Julius àti ọkọ Àìná tó ti dolóògbé ni wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní rélùwéè. Julius ló ṣíwájú àwọn tó gbé pósí rẹ̀.

"Màmá Dáìsí, owó ibodè ló sọ tibí di ọ̀wọ́n," ni Julius wí. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín rà á wá."

Ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n ojú ń ti Àìná láti lo oògùn náà sí ẹni tó gbé òkú ọkọ òun. Ó rọra kọ lẹ́tà méjì ránṣẹ́ sí ilẹ̀ òkèèrè láti béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ tí èsì kò tíì dé, ó kó owó fún Julius.

Ọjọ́ kẹta tí Julius lọ ni lẹ́tà méjèèjì wọlé pọ̀. Àbúrò rẹ̀, Afọlábí, kọ̀wé láti Abidjan pé bí òun bá ṣẹ́ owó ibẹ̀ sí náírà, ó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin. Folúkẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní London, ní ti ọ̀hún súnmọ́ ẹgbẹ̀ta. Àìná tẹ́ lẹ́tà méjèèjì sórí tábìlì, ó ń wò wọ́n. Kí ló wá ṣe Kútọnu? Ṣé ẹ̀yìnkùlé wọn ni máṣìnì ti ń hù ni?

Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án tí kò gbúròó, ó gba ilé Julius lọ ní Idaw River. Edith, ìyàwó rẹ̀, fún un lómi mu.

"Ṣé Bàbá Mojí ò tíì ti Kútọnu dé ni?"

"Kútọnu kẹ̀? Ìbàdàn ni ọ́fíìsì rán an lọ, Mà."

Ibẹ̀ ni Mojíbọ́lá, ọmọ wọn, ti wọlé, tó kí i "Good afternoon, Ma" tòun ti yúnífọ́ọ̀mù lọ́rùn. Ọmọ tí iléèwé lé wálé nítorí owó ní oṣù tó kọjá! Àìná dá ife padà, ó ní òun ń lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, Julius yí máṣìnì wọ àgbàlá Àìná. Ó pupa, ó ń dán, ọ̀rá ṣì wà lórí ìjókòó. "Ẹ wò ó, tuntun nini!"

Àìná lóṣòó, ó fọwọ́ kan rọ́bà tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ti jẹ, bíi gìgísẹ̀ bàtà àwọ̀gbó.

"Agbẹ̀bí ni mí, Bàbá Mojí. Ẹ ò lè gbé ọmọ ọdún kan wá kẹ́ ẹ ní ìkókó ni."

Julius rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí.

"N ò dé Kútọnu. Ìgbà tí mo ń ti Ìbàdàn bọ̀ ni mo rà á ní Onitsha, lọ́ọ̀ọ́dúnrún. Ìyókù, mo ti fi san owó iléèwé Mojí kí n tó lọ."

"Ẹ̀yin ì bá sì tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ mi."

"Ojú tì mí, Màmá Dáìsí."

"Ẹ lọ sọ fún Edith lónìí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èmi ni màá sọ fún un."

Julius lọ, ó sì sọ ọ́, torí Edith wá kúnlẹ̀ bẹ Àìná lọ́jọ́ kejì. Ṣàmsúdéènì mẹkáníìkì tú ẹ́ńjìnnì náà wò, ó ní ó ṣì lágbára, ìwé rẹ̀ sì pé. Àìná gbà á bẹ́ẹ̀. Lóṣù Kẹsàn-án ó ti ń gùn ún dé Iva Valley, àwọn aboyún kò sì retí rẹ̀ tì mọ́.

Nígbà tí ọdún ń parí lọ, àwọn Yorùbá inú ìjọ wọn ń wá ẹni tí yóò lọ ra ìwé orin wá láti Èkó. Ẹnì kan dárúkọ Julius. Gbogbo ènìyàn nawọ́ sókè, ọwọ́ Àìná nìkan ló wà lórí itan. Kò wo ẹnikẹ́ni.

Julius rí i. Ó dìde, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n rán ẹlòmíràn.