Àdúrà Màmá ní Oko Tábà

Nígbà tí ìyá ọkọ mi dé láti Ìṣẹ́yìn ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1996, ohun kan ṣoṣo ló ní òun wá ṣe ní Amẹ́ríkà. Kò béèrè ibi tí ààrẹ wọn ń gbé, kò sì béèrè ọjà góòlù. Ó jókòó sórí àga gígùn nínú apátímẹ́ǹtì tí a háyà ní District Heights, ó tú gèlè rẹ̀ sórí itan, ó ní:

"Ṣàmsù, èmi ni mo ṣàdúrà sí ìpìlẹ̀ ilé bàbá ẹ kí bíríkìlà tó to búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ lé e. Èmi náà ni mo ṣe ti ẹ̀gbọ́n ẹ, kí Ọlọ́run forí jìn ín. Tìẹ ló kù. Bí mo bá ti fi ẹnu ara mi ṣe é, mo lè padà sílé kí n lọ sinmi."

"Ẹ̀yin náà, Màmá," ni ọkọ mi wí. "Ẹ ò tíì bọ́ bàtà, ẹ ti ń sọ̀rọ̀ ìsinmi."

"Ìsinmi orí ẹní ni mo wí. Ta ló ń sọ ìyẹn tí o gbé sọ́kàn?"

A rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún kì í ṣe eré lọ́wọ́ Màmá. Ṣàmsúdéènì nìkan ló kù fún un láyé, ó sì ti lọ yan ilé sí ilẹ̀ tí Màmá ò lè máa yọjú sí nírọ̀lẹ́. Bí kò bá lè wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó fẹ́ kí àdúrà rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ níbẹ̀ kó tó padà lọ.

Láwọn ọdún yẹn, ńṣe làwọn èèyàn ń tú jáde láti Washington wá sí kántì wa, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ tó wà lẹ́bàá ìlú náà, bí ìgbà tí ilé ìwé bá ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ní mọ́ṣáláṣí, nígbà tí a kọ́kọ́ dé, àwa Yorùbá tó ń tò láti kírun ò kún sáàfù kan tán. Nígbà tó yá, ọkọ̀ wa nìkan ti kún gbogbo ìta lọ́jọ́ Jímọ̀, bí a bá sì ti kírun tán, ọ̀rọ̀ tó kàn ni, "Ibo lẹ̀yin ti rí ilé tiyín?" Àwọn kan ti kó lọ sí Springdale. Àwa wá tiwa lọ sí Clinton, níbi tí igbó àti oko ṣì wà lápá ọ̀tún àti òsì títì nígbà tí a kọ́kọ́ gba ibẹ̀ kọjá. Kí Jamilah ọmọ wa tó pé ọmọ ilé ìwé, iná ojú títì ti pọ̀ níbẹ̀ ju igi lọ, ilé ìwé tó wà nítòsí sì ti to kíláàsì onítáyà tí wọ́n ń fi ọkọ̀ fà wá sórí pápá ìṣeré, nítorí àwọn ọmọ ò gba inú ilé mọ́.

Oko Hawkins ni wọ́n ń pe ibi tí a ti mú ilẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan rà á, ó gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ó sì ń kọ́ ilé sórí rẹ̀. Nínú oṣù keje, kí Màmá tó dé, ọ̀gbẹ́ni tó ń bá wọn ta ilé mú wa débẹ̀. Kò tíì sí títì rárá, koríko ni gbogbo rẹ̀. Ó dúró, ó na ọwọ́, ó ní, "Ẹ rí igi ńlá yẹn? Ilẹ̀ kejì sí i ni tiyín. Nọ́ńbà mẹ́rìnlá."

Mo ní kí ọkọ mi fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni. Igi ni bàbá rẹ̀ fi mọ oko, pèrègún ló fi mọ ààlà.

"Nọ́ńbà kẹ̀? Igi ọ̀hún rèé, Mùlíkàt. Kò ní rìn lọ síbì kankan."

Ní Sátidé àkọ́kọ́ tí a mú Màmá lọ, wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀. A rí igi ńlá náà, a ka ilẹ̀ kan, a ka èkejì, ọkọ mi sì páàkì. Màmá ò tíì ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó fi gbé imú sókè.

"Tábà," ó ní.

"Màmá?"

"Wọ́n gbin tábà síbí. Ṣé imú yín ti dí ni?" Ó nawọ́ sí ilé pákó dúdú kan tó dá dúró létí oko. "Àká tí wọ́n ti ń sá a nìyẹn. Èmi tí mo di ewé tábà títí ọwọ́ mi fi dúdú, kí n tó fẹ́ bàbá ẹ."

Inú rẹ̀ dùn sí ilẹ̀ náà láti ọjọ́ yẹn. Ó gbé búùtà tó ti bu omi sí láti ilé, ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀bá ìpìlẹ̀, ó da omi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ṣàdúrà títí oòrùn fi yí sí wa lẹ́yìn. Ó ti dín mọ́sà láti òwúrọ̀ fún sàráà. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń gbẹ́lẹ̀, ọmọ El Salvador ni wọ́n. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì lá ṣúgà tó wà lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn fọwọ́ ṣàpèjúwe, ó ń béèrè bóyá ilé Màmá nìyẹn. Ọkọ mi mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ṣé ẹ mọ̀ pé nílùú yìí, onílé kì í dé ìdí ìpìlẹ̀. Á buwọ́ lùwé, á lọ jókòó sílé rẹ̀, á máa retí kọ́kọ́rọ́. Kò sí ẹni tó ń gbé oúnjẹ wá fún bíríkìlà. Nítorí náà, kò sí ẹni tó wà níbẹ̀ láti sọ ohunkóhun fún wa. A ń lọ ní Sátidé-Sátidé. Bàbá arúgbó kan, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, tó máa ń dé fìlà pupa, a máa jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ lẹ́bàá àká, a máa wò wá. Bí Màmá bá gbọ́wọ́ sókè sí i, òun náà á gbọ́wọ́ sókè.

Nígbà tó yá, òtútù dé. Màmá wọ abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú tẹ̀súbà rẹ̀, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe òun síta títí Ọlọ́run yóò fi tún tan iná oòrùn.

Ó di oṣù kẹta, oṣù mẹ́fà tí ìwé ìwọ̀lú rẹ̀ fún un ku díẹ̀ kó pé. Ọ̀gbẹ́ni tó ń ta ilé tẹ̀ wá láago pé ilé ti parí, kí a wá wò ó. Màmá wọ aṣọ funfun bí ẹni tó ń lọ sí Yídì. Ó dín mọ́sà, ó gbé búùtà. Inú ọkọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.

Nígbà tí a débẹ̀, ọ̀dà ti wà lójú títì, ilé sì ti tò lọ bí eyín. Ọkọ mi ò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó lọ tààrà síwájú ilé kejì sí igi ńlá. Ibẹ̀ la wà tí ọ̀gbẹ́ni náà fi ń juwọ́ sí wa láti iwájú ilé tó tẹ̀lé e.

"Ibí ni! Ibí ni mẹ́rìnlá! Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn, àwọn tó ni ín ti kó wọlé."

"Ilẹ̀ kejì sí igi ńlá lẹ wí," ni ọkọ mi dáhùn.

"Igi wo? Èyí? Rárá o. Láti oṣù kẹjọ la ti gé igi tí mo fi hàn yín. Ojú ibi tí páìpù omi gbà ló wà."

Ọkọ mi yíjú wo igi náà. Màmá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó mọ ojú kà.

"Kí ló wí?"

"Kò wí nǹkan, Màmá."

"Ṣàmsù."

Ó sọ ọ́. Màmá wo ilé nọ́ńbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó rí kọ́tìnì tí wọ́n ti ta sí fèrèsé. Ó wọ inú tiwa, ó wo ilẹ̀: sìmẹ́ńtì ló wà nísàlẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì sì wà lókè. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń wá nǹkan lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí àtẹ̀gùn tó lọ sókè ilé, ó gbé búùtà sílẹ̀.

"Wọ́n ti bo ilẹ̀," ó ní. "Mo lọ gbé àdúrà ilé ọmọ mi fún ilé onílé."

"Ẹ má rò ó bẹ́ẹ̀, Màmá. Ọlọ́run mọ nọ́ńbà ilé."

"Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Ìwọ ni o ò mọ̀ ọ́n."

Kò sọkún, ì bá tiẹ̀ sàn kó sọkún. Mo fẹ́ jókòó tì í nígbà tí ẹnì kan kanlẹ̀kùn. Bàbá onífìlà pupa ni, ó ti ṣí fìlà náà sọ́wọ́. Ó ní Hawkins lorúkọ òun, ilé nọ́ńbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lòun ń gbé, òun sì ti ń retí láti òtútù pé kí òun tún rí ìyá yẹn.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ọkọ mi sì ń túmọ̀ rẹ̀. Ó ní baba baba òun ló kọ́kọ́ ra oko náà. Àwọn ọmọ òun ò fẹ́ gbin tábà, agbára òun ò sì gbé e mọ́, ni òun bá tà á, àwọn tó rà á sì fún àwọn ní ilé kan lórí rẹ̀. Ìyàwó òun ní òun ò ní fẹsẹ̀ kan ilé ọ̀hún láéláé. Ìgbà náà ni òun rí ìyá kan tó wọ aṣọ funfun, tó ń kúnlẹ̀ ti ìpìlẹ̀ àwọn, tó ń da omi síbẹ̀. Òun gbé ìyàwó òun wá wò ó. Ìyàwó òun wò ó títí láti inú ọkọ̀, ó ní bí ẹni tí àwọn ò mọ̀ rí bá lè kúnlẹ̀ fún àwọn lórí ilẹ̀ yìí, òun lè gbé ibẹ̀.

"Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn," ni Bàbá Hawkins wí. "Àwọn ló mú wa wọlé."

Màmá wo ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Sọ fún wọn pé mi ò mọ̀ pé tiwọn ni. Ìwọ ni mò ń ṣe é fún, mo ṣi ilẹ̀ ni. Kò yẹ kí n gba ọpẹ́ tí kì í ṣe tèmi."

Ọkọ mi yíjú sí bàbá náà, ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé, "Màmá ní ẹ ṣeun, inú àwọn dùn."

"Bàbá Jamilah," mo ní, "ohun tí Màmá wí kọ́ nìyẹn."

"Mùlíkàt, jọ̀ọ́."

"Kí ló sọ fún wọn?" ni Màmá béèrè.

"Ó ní ẹ ní wọ́n ṣeun, pé inú yín dùn."

"Inú ta ló dùn? Ṣàmsù, ṣé mo bí ẹ kí o máa fi ẹnu mi purọ́ ni? Mùlíkàt, bá mi sọ ọ́ bó ṣe rí."

Mo sọ ọ́ bó ṣe rí, títí kan ọ̀rọ̀ igi. Bàbá Hawkins wo Màmá, ó wo búùtà, ó tún wo ọkọ mi tó ń wolẹ̀. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mú un láti èjìká, títí ó fi di ògiri mú. Ó ké sí ìyàwó rẹ̀. Ìyá náà fi ọ̀pá rìn wá díẹ̀díẹ̀, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, kò rẹ́rìn-ín. Èmi ló kọjú sí.

"Sọ fún ìyá pé mo ti sùn nínú ilé yẹn, mo sì sùn dáadáa. Mi ò dá a padà o."

Mo sọ ọ́ fún Màmá. Màmá wò ó láti ẹsẹ̀ dé orí, ojú wọn ṣe mẹ́rin.

"Ní kí wọ́n máa sùn. Ta ló ń gbà á lọ́wọ́ wọn?" Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Àkànní, báwo ni wọ́n ṣe ń ki àwọn bàbá ẹ?"

Ọkọ mi yún orí. Màmá pòṣé, ó sì kì wọ́n fúnra rẹ̀, ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ lọ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ó gba gbogbo yàrá tó ṣófo náà:

"Àkànní ọmọ ahunṣọ ilé gbọọrọ,
Ọmọ a-hun-t'àlejò-k'ó-tó-hun-tirẹ̀,
Àlejò wọ tiẹ̀ tán, ó jó lọ,
Baba yín tún padà sídìí òfì, ó ń rẹ́rìn-ín."

Ó dìde. Ó gbé búùtà rẹ̀. "Ibo ni ilẹ̀ ṣì wà nínú ilé yìí tí sìmẹ́ńtì ò tíì bò?"

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ọ̀gbẹ́ni tó ń ta ilé. Ó ronú, ó ní wọn ò tíì mọ àtẹ̀gùn iwájú ilẹ̀kùn. Pákó ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, òun la sì gbà wọlé láìfiyè sí i. Màmá ní kí ọkọ mi gbé pákó náà kúrò. Ilẹ̀ pupa ló wà lábẹ́ rẹ̀, tútù rinrin. Màmá gbé imú sókè, ó mi orí pé ó dára, ó ṣe Bísímílàhì, ó da omi, ó kúnlẹ̀. Ó ṣàdúrà fún àwa tí a ń bọ̀, àti fún àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí a tó dé, pé kí ìbànújẹ́ má bá àwọn èrò tó ń rọ́ wá síbẹ̀ yìí wọlé. Ìyàwó Hawkins ò lè kúnlẹ̀, ó di èjìká mi mú.

"Ó yá," ni Màmá wí, "kí àwọn náà ṣe tiwọn sí tiwa."

Bàbá Hawkins di ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Màmá ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, àmọ́ níbikíbi tí bàbá náà bá ti mí, Màmá á ní "Àmín!" Inú bàbá ń dùn, ó ń fi kún un.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ni ọkọ mi sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ má ṣe dá wọn lóhùn mọ́, wọn ò ní dákẹ́."

"Àmín!" ni Màmá tún wí.

Orí pákó yẹn la jókòó sí tí gbogbo wa fi jẹ mọ́sà.

Lọ́jọ́ tí Màmá ń lọ, a gba Clinton kọjá kí a tó forí lé pápákọ̀ òfuurufú. Kò sọ̀ kalẹ̀. Ó wo iwájú ilé wa látinú ọkọ̀.

"Ṣàmsù, nọ́ńbà mélòó ni ilé ẹ?"

"Mẹ́rìnlá, Màmá."

"Tún un wí."

"Mẹ́rìnlá."

"Ó dáa. Mo lè lọ sinmi báyìí."

"Lórí ẹní ni, àbí?" mo béèrè.

Ó fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò mí. "Lórí ẹní ni, Mùlíkàt. Mo rí yàrá kan lókè nínú ilé yẹn tó kọjú sí àká tábà. Má ṣe kó ẹrù sí i."