Òkìtì Ọ̀tún, Òkìtì Òsì

Ìjọba àpapọ̀ ló fẹ́ san owó títì náà, àmọ́ wọ́n fi gbólóhùn kan sísàlẹ̀ ìwé tí wọ́n kọ ránṣẹ́. Wọ́n ní kí katakata tó fọwọ́ kan ilẹ̀, kí ọ́fíìsì tó ń ṣètò títì ládùúgbò kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu àwọn tí títì máa gba iwájú ilé wọn. Kí wọ́n kọ ohun tí kálukú bá sọ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kí wọ́n wá a lọ, kí wọ́n fún un lésì tó nítumọ̀. Òfin tó dáa ni. Ẹni tó ṣe é kò kàn mọ ọwọ́ tó máa bọ́ sí ni.

Ọwọ́ Akọ̀wé ló bọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè é, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í rún, tó máa ń to bírò sórí tábìlì láti orí èyí tó gùn jù dé èyí tó kúrú jù. Kì í ṣe èèyàn burúkú rárá. Àìsàn kan ṣoṣo tó ń ṣe é ni pé bí Ọ̀gá bá ti dá ọjọ́ fún un, ojú rẹ̀ kì í ríran kọjá ọjọ́ náà mọ́.

Wọ́n pe ìpàdé àkọ́kọ́ sí gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n to àga ọgọ́fà. Èèyàn mẹ́rin ló wá: ọ̀kan ló ni kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn, ọ̀kan wá ṣáàjì fóònù, tọkọtaya kan sì rò pé ìgbéyàwó ni. Ọ̀gá ní ìjọba àpapọ̀ kò ní gba irú ìyẹn, kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ kó ará àti ojúlùmọ̀ rẹ̀ wá sí ìkejì. Báyìí ni Akọ̀wé ṣe lọ bẹ Màmá Aránṣọ.

Màmá Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n ìyá tó bí Akọ̀wé. Láti ìgbà tí ìyá náà ti kú, tí Akọ̀wé ṣì wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, Màmá ló tọ́ ọ dàgbà nínú yàrá ìránṣọ tó dojú kọ títì. Téèpù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, gbogbo ohun tó bá sì kọjá níwájú rẹ̀ ló máa ń wọ̀n. Àbúrò rẹ̀ tó kéré jù, tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Kékeré, ń gbé ní òdìkejì títì. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá kan ara rẹ̀ láti ọdún méjì. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, Màmá máa ń gbé omi gbígbóná àti fúláàsì oúnjẹ sọdá, á wẹ̀ ẹ́, á fún un lóúnjẹ, á tún sọdá padà. Ìgbésẹ̀ méjìlélógójì ni láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Màmá ti kà á.

Nígbà ìpàdé kejì, àwòrán títì tuntun tí wọ́n so mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn náà lẹ́wà. Títì tí ọkọ̀ méjì ń gbà yóò di èyí tí mẹ́fà ń gbà. Wọ́n ya igi tútù yọ̀yọ̀ sí àárín, gbogbo èèyàn sì ń wo igi. Màmá nìkan ló sún mọ́ ọn. Ó fi téèpù wọn àwòrán náà, ó wá bèèrè lọ́wọ́ Akọ̀wé ohun tí ìlà tín-ín-rín tó wà lábẹ́ àwọn igi náà jẹ́. Akọ̀wé ní ògiri kóńkéré ni, tó ga dé àyà èèyàn, láti oríta ilé epo títí dé ẹsẹ̀ afárá. Màmá ní ibo wá ni àlàfo wà? Akọ̀wé rí i pé Ọ̀gá ń wo òun. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, mà. Gbogbo ẹ̀ la máa kà." Màmá jókòó, ó sì kọ ọ́.

Fọ́ọ̀mù mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni wọ́n kó lé Akọ̀wé lórí tábìlì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ọ̀gá ní òun fẹ́ iye àwọn tó fara mọ́ ọn àti iye àwọn tó lòdì sí i kó tó di ọjọ́ Ẹtì.

Àwọn ará àdúgbò yìí kò mọ bí wọ́n ṣe ń bèèrè nǹkan láìkọ́kọ́ kí èèyàn, ẹni tó bá da omi síwájú ni í tẹ ilẹ̀ tútù. Ìlà mẹ́wàá péré ló wà lójú fọ́ọ̀mù. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú máa gba méjì, ẹ kú wàhálà wa máa gba méjì, àdúrà fún Ọ̀gá àti ìdílé rẹ̀ máa gba mẹ́ta. Ìgbà tí wọ́n bá fi máa dórí ọ̀rọ̀ gan-an, ìwé ti tán. Àwọn kan fún ọ̀rọ̀ wọn mọ́ ìsàlẹ̀ bí ẹni ń ti ẹsẹ̀ bọ bàtà ọmọdé, àwọn mìíràn yí ìwé padà, wọ́n sì kọ ọ́ sẹ́yìn.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, Akọ̀wé kò tíì ka ìdajì. Ló bá dá òfin kan sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Fọ́ọ̀mù tó bá fi ọpẹ́ tàbí àdúrà bẹ̀rẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ fara mọ́ títì nìyẹn, òkìtì ọ̀tún. Èyí tó bá ń jágbe, òkìtì òsì. Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu pé òun kò tètè ronú kàn án, nítorí kí agogo méjìlá tó lù lọ́jọ́ kejì, iṣẹ́ ti parí.

Ó dá fọ́ọ̀mù Màmá mọ̀ kó tó ka ohunkóhun, torí bí ẹsẹ̀ aṣọ ni ìkọ̀wé rẹ̀ ṣe máa ń tò. "Ẹ̀yin ọ̀gá wa nídìí iṣẹ́ títì, ẹ kú làálàá, ẹ sì kú àmójútó wa. Inú wa dùn pé ẹ rántí àdúgbò wa. Ọmọ wa kan wà láàárín yín, ẹ bá wa máa fojú tó o. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ rí ìjàǹbá." Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Akọ̀wé, orí rẹ̀ wú. Nísàlẹ̀ pátápátá, Màmá fi lẹ́tà kékeré kọ ọ́ pé: ẹ yí i padà. Akọ̀wé kò yí i padà. Òkìtì ọ̀tún ló gbé e sí.

Ìwé kan ṣoṣo ló lọ sí òsì. Ti Jórinjórin ni, ọkùnrin tó ń jó irin nítòsí afárá. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ohun tó kọ kò ju èyí lọ: "Kí lẹ tún ń dúró dè? Ẹ ṣe títì yín, ẹ yé fi ìpàdé dà wá láàmú." Bí ẹnì kan bá wà ní àdúgbò yẹn tó ń fi gbogbo ọkàn rẹ̀ fẹ́ títì náà, Jórinjórin ni. Àmọ́ òfin ni òfin.

Òfin ìjọba àpapọ̀ náà sì ni òfin. Ọ̀gá, ẹnjiníà tó ya àwòrán títì àti Akọ̀wé kó sínú ọkọ̀ méjì, wọ́n lọ bẹ ẹni kan ṣoṣo tó lòdì sí títì. Jórinjórin ṣí ìbòjú irin kúrò lójú, ó bèèrè ohun tí òun ṣe. Ọ̀gá ní kò ṣe nǹkan kan, àwọn wá tù ú nínú ni. Jórinjórin ní òun kò bínú, kí wọ́n kúrò nídìí iná òun. Ọ̀gá padà sínú ọkọ̀, ó ní òun mọ irú èèyàn bẹ́ẹ̀ dáadáa, báyìí ni wọ́n ṣe máa ń sọ kí wọ́n tó gba ilé ẹjọ́ lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹnjiníà ti dá àlàfo sí ògiri inú àwòrán níwájú ṣọ́ọ̀bù Jórinjórin, ó ya iná tó ń dá ọkọ̀ dúró síbẹ̀, ó sì ya ìlà funfun tí ẹlẹ́sẹ̀ máa gbà sọdá. Ohun tó wà ní òdìkejì níbẹ̀ ni ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ bíríkì kan tó ti kógbá sílé, ògiri gbọọrọ tí kò ní ilẹ̀kùn.

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó. Ní ọ́fíìsì yìí, ẹni tó sọ̀rọ̀ burúkú ló gba obì. Àwọn méjìlélọ́gọ́rin tó sọ̀rọ̀ rere gba lẹ́tà ọpẹ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Akọ̀wé lọ jẹun lọ́dọ̀ Màmá bó ṣe máa ń ṣe. Màmá jẹ́ kó jẹun tán. Ó wá ti ẹ̀rọ ìránṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi lẹ́tà síwájú rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ́fíìsì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún bó ṣe fara mọ́ títì tuntun àti ògiri àárín rẹ̀. Òǹtẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló lù ú.

"Ọkọ mi," Màmá ní, "ìgbà wo ni mo sọ pé mo fẹ́ ògiri?"

Akọ̀wé sọ̀rọ̀ títí. Ó ṣàlàyé ọjọ́ Ẹtì, ó ṣàlàyé òkìtì ọ̀tún àti òkìtì òsì. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń gbọ́ bó ṣe ń dún létí ara rẹ̀, ojú sì ń tì í. Màmá bèèrè bóyá ó ka ẹ̀yìn ìwé. Ó ní rárá. Màmá wá sọ ohun tó wà lẹ́yìn náà fún un, kò gbóhùn sókè: pé ìgbésẹ̀ méjìlélógójì ni láti ọ̀dọ̀ òun dé ọ̀dọ̀ àbúrò òun, pé omi gbígbóná lòun ń gbé, pé tí wọ́n bá mọ ògiri, ìgbésẹ̀ mélòó ni yóò dà? Akọ̀wé mọ̀ ọ́n. Tí èèyàn bá rìn dé ẹsẹ̀ afárá, tó tún rìn padà ní òdìkejì, ó máa tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, àlọ nìkan.

Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Akọ̀wé rí ibi tí òkò ti ba ará ilé rẹ̀, ó sì dùn ún wọra. Ó ní àyè ṣì wà, àwòrán náà ṣì wà níta títí di Ọjọ́bọ̀, ẹnikẹ́ni ló lè tún kọ̀wé. "Àmọ́ mà," ó ní, "ẹ má kí wọn o."

Màmá wò ó. "O rántí ọjọ́ tí mo nà ẹ́, torí pé o kọjá lára àgbàlagbà, o ò kí i?"

Akọ̀wé ní òun rántí. Màmá kó abọ́ wọlé.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ṣí, Màmá wọlé. Akọ̀wé dìde lẹ́yìn káńtà, ó tẹrí ba. "Ẹ káàárọ̀, mà." Màmá kò dá a lóhùn. Ó wò ó bí ẹni tó ń wo káńtà. Ó ní, "Akọ̀wé, gba ìwé."

Gbólóhùn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: "Níbo ni mo máa gbà sọdá?" Kò sí ẹ kú iṣẹ́, kò sí Ọlọ́run, kò sí ọmọ wa tó wà láàárín yín. Akọ̀wé yí ìwé náà padà. Òfìfo ni ẹ̀yìn rẹ̀.

Àwọn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tò lẹ́yìn Màmá, ará títì kan náà. Wọ́n ń bọ́ síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi fọ́ọ̀mù lélẹ̀, wọn kò sì la ẹnu. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì gbàgbé ara rẹ̀, ó ti fẹ́ sọ pé ẹ kú, Màmá bojú wẹ̀yìn, tíṣà sì gbé ìyókù mì. Ó hàn lójú gbogbo wọn pé ó ń ni wọ́n lára. Nígbà tí wọ́n lọ tán, Ọ̀gá ka àwọn ìwé náà, ó mi orí, ó ní kò sí ẹ̀kọ́ ilé mọ́ ní àdúgbò yẹn. Ó ní kí wọ́n lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn pé kí aráàlú máa kí òṣìṣẹ́ ìjọba.

Ó tún fara balẹ̀ ka iye wọn, ó sì pe ẹnjiníà, nítorí kò sí fáìlì tó lè gbé alátakò méjìdínlọ́gbọ̀n mì. Báyìí ni wọ́n ṣe dá àlàfo kejì sí ògiri, níwájú yàrá ìránṣọ, pẹ̀lú iná àti ìlà funfun. Wọn kò pa ti Jórinjórin rẹ́, torí wọ́n ti buwọ́ lù ú.

Ó yẹ kí inú Akọ̀wé dùn. Àmọ́ láti ọjọ́ tó ti kí Màmá ní káńtà tí kò gbọ́ èsì, ó ti ń to ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ kan sínú. Ó ṣì ń lọ jẹun lọ́jọ́ Ìsinmi. Màmá ń bu oúnjẹ fún un, ó pọ̀, ó sì gbóná. Ọkọ mi ni kò pè é mọ́. Bó bá kí i, orí ló ń mì.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí títì. Akọ̀wé lọ dúró síbi ìsọdá láàárọ̀ kùtù, ṣáájú iṣẹ́. Màmá jáde pẹ̀lú fúláàsì lọ́wọ́ kan àti kẹ́tùlù omi lọ́wọ́ kejì, ó dúró de iná. Akọ̀wé tẹrí ba títí àgbọ̀n rẹ̀ fi kan àyà. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, mà."

"Ó wù mí kí n dá ẹ lóhùn," Màmá ní. "Àmọ́ kọ́kọ́ sọ fún mi, òkìtì wo lo máa gbé èsì mi sí?"

Iná yí, ọkọ̀ dúró, Màmá sọdá. Àǹtí Kékeré ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó na ọwọ́ tó dáa sí i. Akọ̀wé ṣì dúró létí títì. Ọ̀rọ̀ tó ti ń tò sínú láti oṣù mẹ́jọ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ gígùn, ọ̀rọ̀ ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ kú sùúrù ló fi bẹ̀rẹ̀, ẹ kú àmúmọ́ra ló tẹ̀ lé e, àdúrà wá tẹ̀ lé ìyẹn. Ẹ̀yìn pátápátá ló fi "mo jẹ̀bi" sí.