Igi Ìyàwó Tíṣà

"Igi ìyàwó mi dà?"

Tíṣà àgbà fi ọ̀pá tilẹ̀ lórí òkè, ó ń wo kòtò kan tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Afinimọ̀nà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ṣáà ni iṣẹ́ rẹ̀. Òun ló máa ń mú àwọn àlejò gun òkè yìí, tó máa ń sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ èèyàn ń ba òkè jẹ́, òjò sì ń wọ́ ọ lọ, kí olúkúlùkù jọ̀ọ́ gbin igi kan kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló ni ilé iṣẹ́ tó ń kó àlejò wá sórí òkè náà. Baba Ewéko ni gbogbo ayé ń pè é.

"Bàbá, bóyá ibòmíràn lẹ gbìn ín sí."

"Èmi? Mo ya etí ìborùn pupa olóògbé, mo so ó mọ́ igi náà. Mo lè gbàgbé orúkọ ara mi, n kò lè gbàgbé ìborùn yẹn."

Ojú ti afinimọ̀nà. Ó ní òun ń lọ bu omi wá fún bàbá. Ẹ̀yìn ọ́fíìsì ni omi wà, níbi tí ọkọ rẹ̀ kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dé. Ó ní ejò wà níbẹ̀.

Ejò kọ́. Igi ni! Wọ́n tò sínú ọ̀rá bí ọmọ iléèwé tó ń dúró de aago, erùpẹ̀ òkè tutù lára gbòǹgbò wọn. Ìborùn pupa ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára ọ̀kan.

"O ti rí i," Baba Ewéko ní lẹ́yìn rẹ̀. "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ń hú wọn?"

"Kí ni ká ṣe? Bí gbogbo wọn bá dàgbà, igbó á bo òkè. Ta ló máa rí odò ìsàlẹ̀ ya fọ́tò? Níbo làwọn àlejò ọ̀la máa gbin tiwọn sí?" Ó na ọwọ́ sí èyí tó so ìborùn. "Igi yìí ti gun òkè, ó ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti rìnrìn àjò ju èmi àti ìwọ lọ!" Ó bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín fẹ́ pa aya rẹ̀ pẹ̀lú. Ó na ọwọ́ kan ìborùn náà.

"Ẹnu mi lẹ fi ṣe é. Èmi ni mo di bàbá yẹn mú nígbà tó ń sunkún. Mo ní igi náà á pẹ́ ju gbogbo wa lọ. Ẹ dúró tì mí, ẹ ṣe àmín!"

"Ṣé igi náà wá kú ni?"

Fèrè bọ́ọ̀sì dún lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn àlejò tuntun ti dé. Baba Ewéko na ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí i. "Jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ilé, ilé la ti ń sọ ọ́. Lọ fi ohùn oyin yẹn kí wọn."

Ó gbà á. Ó fi ọwọ́ kejì gbé igi olóògbé, ó gun òkè padà lọ gbé e lé Tíṣà lọ́wọ́. Bàbá wò ó títí.

"Kò tíì ga sí i rárá," ó ní.

"Wọn ò jẹ́ kó ga ni, Bàbá. Ẹ bá mi ká lọ."

Àwọn méjèèjì sọ̀ kalẹ̀, afinimọ̀nà dojú kọ bọ́ọ̀sì. Ọkọ rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín sí àwọn àlejò, ó ti ṣí apá méjèèjì sílẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o," ni afinimọ̀nà wí. "Lónìí, ẹ̀yìn ọ́fíìsì la ó ti bẹ̀rẹ̀."